Ẹ ní títí láé ni, rẹ́jísítà yín kò ju ọdún kan lọ: lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù wa

Sí Bàbá Alága, Ìyálọ́jà, Ìmáámù, Pásítọ̀ àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ̀yin lẹ sáré owó tí a fi kan òrùlé matániti, ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ kí a ní kànga, mi ò gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá yín sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ní kọ̀rọ̀, ẹ ní kí n ṣe sùúrù. Mo wá ń sọ ọ́ ní gbangba báyìí, kí àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn lè kà á, kí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà sì pe ọmọ rẹ̀ kó kà á sí i létí.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí: ọdún 34 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní oríṣiríṣi ìlú láàárín Ajásẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán kí n tó fẹ̀yìntì wá jókòó sílé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo kórìíra ìfètòsọ́mọbíbí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fi ti apá, ọ̀pá ìfètòsọ́mọbíbí kékeré tó ń wà lábẹ́ awọ apá, sí obìnrin tí mi ò lè ka iye wọn. Ọwọ́ yìí kan náà ló pa ojú ìyá mẹ́ta dé, tí oyún kẹjọ àti oyún kẹsàn-án pa. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní ohun tí oyún tí a kò fẹ́ lè fojú obìnrin rí.

Ìpinnu tí ẹ ṣe ní ìpàdé tó kọjá ló mú mi gbé bírò. Ẹ gbà pé kí àwọn àlejò kan gba yàrá méjì ní matániti wa, kí wọ́n máa dí ọ̀nà ọmọ fún àwọn obìnrin tó ti bímọ tó. Wọ́n ní kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀, kò sí tíátà, títí láé sì ni. Títí di ìrọ̀lẹ́ àná, obìnrin 43 ti forúkọ sílẹ̀. Àwọn àlejò náà ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá máa túmọ̀ fún wọn. Mo béèrè ohun mẹ́rin. Mẹ́ta àkọ́kọ́, èsì kan náà ni wọ́n fún mi: kò séwu. Ẹ̀kẹrin ni pé ọdún mélòó ni wọ́n máa fi tẹ̀lé àwọn obìnrin yìí kí wọ́n tó mọ̀ pé kò séwu lóòótọ́. Wọ́n ní ọdún kan. Mo gbé báàgì mi, mo wá sílé.

1. Orúkọ nǹkan náà

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi sínú obìnrin fún mi. “Nǹkan kékeré kan báyìí” ni wọ́n ń pè é. Bàbá Alága, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n fọ́n oògùn apakoríko sí oko ẹ̀gẹ́ yín láìjẹ́ pé ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Báwo ni ti ilé ọmọ ènìyàn ṣe wá di nǹkan kékeré kan báyìí?

Bí wọn kò bá dárúkọ, ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tí mo mọ̀, nítorí kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà àtidí ọ̀nà ẹyin láìla ikùn. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú wọn ni quinacrine. Oògùn ibà ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò ó gidi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Dókítà kan ní Chile, Jaime Zipper, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú ilé ọmọ. Bó bá débẹ̀, á jó ẹnu ọ̀nà tóóró méjì tí ẹyin ń gbà wọlé, ojú ibẹ̀ á di egbò, egbò á di àpá, àpá á sì dí ọ̀nà. Hóró méje ni, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 252 míligíráàmù, irú ọ̀pá tí a fi ń ti kọ́ìlì (ohun ìfètòsọ́mọbíbí tí a ń fi sínú ilé ọmọ) wọlé ni wọ́n fi ń tì í wọlé. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n á tún un ṣe. Kò gba iná mànàmáná, kò gba oògùn oorun, nọ́ọ̀sì lè ṣe é. Ẹ ò rí i pé ó dùn-ún gbọ́.

Ní Vietnam, láti 1989 sí 1993, obìnrin 31,781 ni wọ́n ṣe é fún. Ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní Ìlú Ọba lọ́dún 1993, àwọn kan sì pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn kò tíì dáhùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: oògùn tó ń jó ẹran ara báyìí, kí ni yóò ṣe fún ilé ọmọ lẹ́yìn ogún ọdún? Wọ́n ti rí i nínú àyẹ̀wò pé ó lè yí àbùdá àwọn kòkòrò àìfojúrí padà, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni a sì máa ń fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Lọ́dún 1994, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n dá ọwọ́ dúró lára ènìyàn ná, kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ dáadáa. Obìnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ti gbà á kí wọ́n tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára eku! Ní 1998, India fòfin dè é. Nígbà tí wọ́n wá dán an wò lára eku, kókó jẹjẹrẹ yọ nínú ẹ̀yà ìbímọ wọn, bí oògùn sì ṣe ń pọ̀ ni kókó ń pọ̀. Nígbà tó di 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kí ẹnikẹ́ni má fi quinacrine dí ọ̀nà ọmọ, ì báà jẹ́ fún ìtọ́jú, ì báà jẹ́ fún ìwádìí, àfi ìgbà tí wọ́n bá yẹ gbogbo ẹ̀rí wò tán.

Mi ò ní purọ́ mọ́ oògùn. Àwọn tó tọpa bí 1,500 obìnrin tó gbà á ní Chile kò rí i pé jẹjẹrẹ pọ̀ lára wọn ju bó ṣe yẹ lọ lọ́nà tó dájú. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ilé ọmọ kì í ṣe ibà tí à ń rí lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń wá ohun tó ń ṣe ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún, tí èèyàn tí ẹ ní kò ju ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ lọ, ẹ lè wò ó títí kẹ́ ẹ má rí i, kì í sì í ṣe pé kò sí níbẹ̀. Mi ò sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá sọ fún ìyàwó ọmọ yín pé kò séwu rárá, ohun tí kò mọ̀ ló ń sọ.

2. Kọ́ìlì Essure

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ sọ fún mi pé oògùn tálákà nìyẹn, pé tí àwọn òyìnbó bá lo nǹkan fúnra wọn ọkàn á balẹ̀. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa èyí tí wọ́n lò fúnra wọn.

Ilé iṣẹ́ Conceptus ló ṣe Essure, Bayer wá ra ilé iṣẹ́ náà ní 2013. FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2002. Wáyà wínníwínní tó lọ́ pọ̀ bíi sípíríǹgì inú bírò ni, irin tí wọ́n ń pè ní nickel àti titanium wà lára rẹ̀, òwú oníke sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń mú kí ẹran ara hù yí i ká. Dókítà á gba ojú ara, á kọjá ẹnu ilé ọmọ, á fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀nà ẹyin méjèèjì. Kò sí ọ̀bẹ lóòótọ́. Ó máa ń gba oṣù mẹ́ta kí ọ̀nà tó dí, obìnrin á ṣì máa lo nǹkan mìíràn títí dìgbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á ya x-ray láti mọ̀ bóyá ó ti dí tàbí kò dí. Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ní matániti wa tí fíríìjì abẹ́rẹ́ ọmọdé ti kú láti ìgbà òjò, níbo ni x-ray máa jókòó sí?

Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí Essure, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi dán an wò kò tíì lò ó pé ọdún méjì. Ọdún kìíní lọ, kò sí nǹkan. Ọdún kejì lọ. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò bá rìn jìnnà kì í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà tí ìrìn wá jìn, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: ìsàlẹ̀ ikùn ń run wọ́n láìdáwọ́ dúró, nǹkan oṣù ń ya bí omi ẹ̀rọ, wáyà ti gún ilé ọmọ tàbí ọ̀nà ẹyin já, ti ẹlòmíì ti rìn lọ sínú ikùn, ara ẹlòmíì kò gba nickel, gbogbo awọ ara ń yún un. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní ìrònú ni. Orí Facebook ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ti wá mọ̀ pé kì í ṣe àwọn nìkan. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run, àfi ìgbà tí àwọn alángbá bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Títí di ìparí 2017, ìròyìn tó lé ní 26,000 ló ti dé ọ̀dọ̀ FDA lórí kọ́ìlì yìí. Ní 2015, àwọn olùwádìí kan gbé ìwé àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ New York yẹ̀ wò, wọ́n fi obìnrin 8,048 tó lo Essure wé 44,278 tí wọ́n so ọ̀nà ẹyin tiwọn ní tíátà. Láàárín ọdún kan, ìdá 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò fẹ́ ọ̀bẹ ló ti padà sábẹ́ ọ̀bẹ. Nínú àwọn tó gba ọ̀bẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdá 0.2 péré ni. Ní 2016, FDA ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sára rẹ̀, kí dókítà àti obìnrin sì jọ ka ìwé ìkìlọ̀ náà kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọn kò tà á níbòmíì mọ́ yàtọ̀ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí 2018 parí, wọn kò tà á ní Amẹ́ríkà náà mọ́. Ilé iṣẹ́ sọ pé ọjà ni kò yá, pé kọ́ìlì kò ní àbùkù. Ní 2020, wọ́n gbà láti san dọ́là bílíọ̀nù 1.6 láti fi parí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ àwọn obìnrin bíi 39,000, wọn kò sì gbà pé àwọn jẹ̀bi. (Èkejì rẹ̀ tún wà tó ń jẹ́ Adiana, tí ohun tí wọ́n ń fi sínú ọ̀nà ẹyin tóbi bíi hóró ìrẹsì. FDA fọwọ́ sí i ní 2009, ní 2012 ó ti kúrò lọ́jà. Kò tiẹ̀ pẹ́ tó ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.)

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn obìnrin yìí sá fún tíátà ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ kọ́ìlì, ọ̀nà ẹyin ni wọ́n ní láti gé, ti ẹlòmíì ilé ọmọ lódindi.

3. Rẹ́jísítà

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí, ẹ forí jì mí bí mo bá pẹ́ lórí rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́, tí mi ò ní dárúkọ, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ wá bá mi. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá láti ọdún mẹ́fà, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń kán. Mo bi í bóyá ó ti ṣe ìfètòsọ́mọbíbí rí. Ó ní lẹ́yìn ọmọ karùn-ún, wọ́n fi nǹkan kan sí òun ní ibí yìí gan-an, òun kò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n fún òun ní káàdì, káàdì sì ti bá ẹrù ọjà lọ. Mo wọ yàrá ìwé. Mo fa rẹ́jísítà àtijọ́ jáde lábẹ́ àpótí, gbogbo rẹ̀ sì dà sílẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀. Ikán ti jẹ ẹ́ láti ọdún 1979 dé 1984. Èèpo iwájú àti èèpo ẹ̀yìn nìkan ló kù, wọ́n ṣì kọ “Family Planning” síbẹ̀ gàdàgbà.

Ìlọrin ni wọ́n ti ya x-ray fún un. Kọ́ìlì oníke àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Lippes Loop ló jókòó síbẹ̀, ó ti wọnú ẹran ilé ọmọ. Wọ́n yọ ọ́. Ó wé e sínú bébà, ó mú un wá fi hàn mí. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé èyí ló ń jẹ mí láti ọjọ́ yìí?” Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò lè dá a lóhùn? Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n fi sí i, mi ò mọ ẹni tó fi sí i, mi ò sì mọ iye obìnrin mìíràn tó wà nínú ìwé tí ikán jẹ, tí wọ́n ń gbé tiwọn káàkiri ọjà.

Bẹ́ẹ̀ nǹkan tó ṣe é yọ nìyẹn o, tí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ̀. Èyí tí ẹ fẹ́ ṣe kò ṣe é yọ. Ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Nígbà tí ìyàwó ẹni ọdún 33 bá di ẹni ọdún 53, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń kán, ta ni nọ́ọ̀sì yóò bi? Mo wo bí àwọn àlejò ṣe ń kọ orúkọ. Inú tablet tí wọ́n gbé dání ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ lọ, orúkọ àwọn obìnrin wa bá wọn lọ nìyẹn. Ẹ̀dà kan kò sí ní matániti, ẹ̀dà kan kò sí ní ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí rẹ́jísítà lè ṣe. Ní Faransé, nígbà tí ariwo Essure pọ̀, ìjọba kò sọ pé irọ́ ni, kò sì sọ pé òótọ́ ni. Wọ́n ṣí ìwé ìdójútófò ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n mú obìnrin 105,357 tí wọ́n dí ọ̀nà ọmọ fún láàárín 2010 sí 2014, wọ́n sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn títí dé ọdún mẹ́ta. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Ìpalára ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kò pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó lo Essure, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ní láti tún ṣe lẹ́yìn náà àti dídí ọ̀nà tí kò ṣiṣẹ́ pọ̀ ju tàwọn tó lọ sí tíátà lọ. Àwọn àìsàn ara tó kù tí wọ́n ń fura sí, wọn kò rí i pé ó pọ̀ jù. Ẹ ò rí i? Rẹ́jísítà dá kọ́ìlì láre níbi tó ti jàre, ó dá a lẹ́bi níbi tó ti jẹ̀bi. Kódà ìyẹn náà, ọdún mẹ́ta péré ni.

Síso ọ̀nà ẹyin tí à ń bẹ̀rù nítorí ọ̀bẹ, ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi lè fọwọ́ sọ̀yà fún obìnrin nípa rẹ̀? Obìnrin 10,685 ni wọ́n tọpa ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá ni wọ́n fi tẹ̀lé wọn. Láti ibẹ̀ la ti mọ̀ pé láàárín ọdún mẹ́wàá, nǹkan bíi 18.5 nínú ẹgbẹ̀rún kan ló tún lóyún. Kò dùn-ún gbọ́ tó “kò séwu,” ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kà ni.

Èsìé kò jìnnà sí wa. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 800; wọ́n ti kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti ya fọ́tò wọn, wọ́n ti kọ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé fún wọn láti 1945, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Òkúta ni o. Obìnrin 43 tó ń mí, tí ẹ mọ ilé bàbá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, inú tablet àlejò ni tiwọn wà.

4. Ìwé tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ka sí

Ojú ìwé mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. Nínú àwọn 43 yẹn, mo mọ̀ tó mọ́kànlélógún tó jẹ́ pé àtẹ̀ka ni wọ́n fi ń gba owó àjọ. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014, sọ ọ́ kedere ní apá kẹtàlélógún pé ẹni tó ń tọ́jú ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ oríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, iye owó rẹ̀ àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún un, kó sì sọ fún un pé ó lè kọ̀. Pé ní èdè tí ẹni náà gbọ́ ni, ní ọ̀nà tó bá ìwọ̀n ìwé tó kà mu. Bó bá sì jẹ́ pé ìwádìí ni wọ́n ń ṣe, tí wọn kò pè é bẹ́ẹ̀, òfin kan náà ní ohun tó sọ nípa ìyẹn.

Ìwé náà sọ pé àwọn “ti ṣàlàyé gbogbo ewu” fún ẹni tó tẹ̀ka. Ta ló ṣàlàyé? Èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe alálàyé, wọn kò sì sọ ewu kankan fún mi. Ẹ rántí Kano, 1996, nígbà àrùn yírùnyírùn, tí ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò lára ọmọdé bí 100, tí 100 mìíràn sì gba oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú nínú àwọn 200 náà. Bóyá oògùn ló pa wọ́n ni o, bóyá àrùn ni o, ọdún 13 ni wọ́n fi fà á kí wọ́n tó fẹnu kò sí dọ́là mílíọ̀nù 75, nǹkan kan tí gbogbo ìjà náà sì ń yí ká ni ìbéèrè pé ṣé àwọn òbí mọ ohun tí wọ́n gbà fún ọmọ wọn.

5. Ọ̀nà

Èyí kò gùn. Bí ara bá yọ obìnrin kan lẹ́nu lóru ọjọ́ kẹta, yóò wọ ọkọ̀ dé Ọ́fà Gáréèjì ní Ìlọrin, yóò tún wọ òmíràn dé Òkè-Òsè níbi tí ọsibítù ńlá wà. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ẹni méjì. Kò sí owó yẹn nínú ètò tí ẹ fọwọ́ sí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

6. Àwọn ọkùnrin ńkọ́?

Ẹ máà bínú sí mi, Ìmáámù, ẹ máà bínú, Pásítọ̀. Gígé ọ̀nà àtọ̀ ọkùnrin kò gba tíátà ńlá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sì sí ilé ọmọ tí nǹkan máa gún já níbẹ̀. Láti 1974 ni dókítà Li Shunqiang ní Ṣáínà ti rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é láìlo ọ̀bẹ. Bó bá jẹ́ pé “láìsí ọ̀bẹ” ló dùn mọ́ ìgbìmọ̀ nínú, ìgbìmọ̀ yín ní ọkùnrin mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní ìpàdé, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ìyálọ́jà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mò ń béèrè

Kí ètò náà dúró títí tí àwọn àlejò yóò fi kọ orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ lò sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ḿbà NAFDAC rẹ̀, tí wọ́n á sì fi ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin hàn wá. Bí orúkọ náà bá jẹ́ quinacrine, kí ẹ sin wọ́n dé títì. Ìyẹn kò ní ìjíròrò nínú.

Bó bá jẹ́ ìwádìí ni, kí wọ́n pè é ní ìwádìí, kí wọ́n mú lẹ́tà ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìlànà ìwádìí ìlera wò wá, kí wọ́n sì sọ ẹni tí yóò sanwó ìtọ́jú bí nǹkan bá ṣẹ̀.

Kí ìwé àtẹ̀ka náà di Yorùbá, kí wọ́n kà á sókè fún obìnrin kọ̀ọ̀kan níwájú ẹni tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn, kó sì lọ sùn lé e kó tó padà wá. Obìnrin tí wọ́n bá fi bùkẹ́ẹ̀tì àti aṣọ tan wá, tí mo gbọ́ pé wọ́n ń há fún àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó mú bùkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sílé bó bá tiẹ̀ kọ̀.

Kí wọ́n sọ fún wọn pé nǹkan mìíràn wà: ti apá tó ń lo ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, kọ́ìlì tó lè lo ọdún mẹ́wàá, tí nọ́ọ̀sì wa lè yọ bí ọkàn bá yí padà, àti síso ní tíátà fún ẹni tó dá lójú.

Rẹ́jísítà ni èyí tí mi ò ní fi sílẹ̀. Ẹ̀dà méjì, ọ̀kan ní matániti, ọ̀kan ní ìjọba ìbílẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, ohun tí wọ́n lò, nọ́ḿbà tó wà lára páálí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n lò ó, ẹni tó lò ó. Káàdì kan náà lọ́wọ́ obìnrin, tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Kí wọ́n máa pè wọ́n wá lọ́dọọdún fún ogún ọdún, kí owó rẹ̀ sì wà ní báńkì kí ẹnikẹ́ni tó gun bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí kò bá ní owó ogún ọdún, kó má ṣe ohun tí yóò lo ogún ọdún lára ènìyàn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan lára yín máa sọ pé mo fẹ́ kí àwọn obìnrin tó ti rẹ̀ máa bímọ lọ. Mẹ́ta nínú àwọn 43 náà ti wá bá mi nílé, a jọ sọ̀rọ̀, mo sì ti mú ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì wa fún ti apá. Iṣẹ́ mi ni, mo ṣì lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, láago mẹ́jọ òwúrọ̀, mo máa wà ní matániti. Mo ti ra rẹ́jísítà méjì eléèpo líle ní Òmù-Àrán, mo sì ti ní kí alágbẹ̀dẹ páànù ṣe àpótí tí ikán kò lè wọ̀. Mo ti fa ìlà sínú wọn. Lókè ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo kọ “Orúkọ ohun tí a lò” sí, mo sì fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bírò á wà lórí tábìlì.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì, ilé ẹ̀yìn ọjà